Àwo Mẹ́jọ Tí A Ò Kà

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀tá ló ń dalẹ̀ ẹni, ẹ sọ fún un pé ojú rẹ̀ ò tíì rí nǹkan. Báwo lọ̀tá ṣe fẹ́ dalẹ̀ ẹni, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń finú han ọ̀tá? Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán, àwa ni etí wa di. Etí obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí náà di, fún odidi ọdún mọ́kànlá.

Ìyá Aláwo ni wọ́n ń pè é níbiṣẹ́. Kì í ta àwo o. Yàrá ìwádìí ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àwo tó sì ń lò jẹ́ ike pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ihò wẹẹrẹ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún wà nínú rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ "Ìyá Aláwo" lẹ́nu àwọn ará ibiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ọdún méjì gbáko ni ìyá arúgbó yẹn sì fi ń bínú pé ìyàwó ọmọ òun ń ta àwo fáráyé, kò fún òun ní ẹyọ kan rí. Nígbà tí wọ́n wá gbé àwo náà hàn án, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ gbé e lọ, ìrètí ẹ̀ sàn jù ú lọ."

Ohun tó ń ṣe nínú àwọn ihò wọ̀nyẹn ò le láti sọ. Á gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, á ṣa sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á pín wọn sínú ihò, á wá kán HIV, kòkòrò apa-sójà-ara, lé wọn lórí. Lẹ́yìn náà ni yóò kán èròjà kan sí i tí ara àwa èèyàn fúnra rẹ̀ ń ṣe. Iṣẹ́ òjíṣẹ́ ni èròjà yìí ń ṣe. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá fojú gán-án-ní ọ̀tá, òun ni yóò rán jáde kó lọ ké sí àwọn yòókù pé ewu ti dé o. Ó lórúkọ gígùn kan nínú ìwé, àmọ́ Akígbe ni wọ́n ń pè é ní yàrá tiwọn. Ìbéèrè tí wọ́n ń wá ìdáhùn sí ò ju ẹyọ kan lọ: bí Akígbe bá ké, ṣé kòkòrò yẹn á dẹ́kun bíbí ni, àbí á túbọ̀ máa bí sí i?

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni yàrá náà, Mọ̀mí ni gbogbo wọn ń pè é. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, bàtà rẹ̀ pàápàá kì í dún. Òun ló gba Ìyá Aláwo síṣẹ́ nígbà tí kò mọ̀ ju kó fọ ìgò lọ. Òun ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kán omi tí kò tó ẹ̀kán omijé sínú ihò láìjẹ́ kọ́wọ́ gbọ̀n. Nígbà tí ìyá tó bí Ìyá Aláwo lọ́mọ kú, Mọ̀mí ló jókòó tì í fọ́jọ́ mẹ́ta, tó ń po tíì fún un, tó ń dáhùn fóònù fún un. Ṣé ẹ wá rí i? Irú ẹni báyìí, ta ló máa ka ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ sí i?

Ìyá Aláwo ní àbúrò kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀. Káfíńtà niṣẹ́ rẹ̀, Káfíńtà náà ni gbogbo èèyàn ń pè é, títí kan ìyàwó rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti rí HIV lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn, òun náà ló ń pè é lórí fóònù láràárọ̀ fún ọdún kan, "Ṣó o ti lò ó?", títí ọmọkùnrin náà fi ní, "Àǹtí mi, tẹ́ ẹ bá tún pè mí lọ́la, màá gbé oògùn yìí mì tòun ti ike ẹ̀." Àmọ́ ó ń lò ó, kì í yẹ̀. Kòkòrò náà lọ sílẹ̀ lára rẹ̀ débi pé ẹ̀rọ ò rí i mọ́, dókítà sì ṣàlàyé fún un pé bó bá ti ń wà bẹ́ẹ̀, kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́yàwó. Ìyàwó mọ ohun gbogbo kó tó fẹ́ ẹ, wọ́n yẹ ara tirẹ̀ náà wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, oyún oṣù márùn-ún ti wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí àwo. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ni wọ́n ń lò. Èkínní làwọn agbálẹ̀, àwọn tó máa ń gbé ìdọ̀tí inú ara jẹ. Bí Akígbe bá ké sí agbálẹ̀, kíá ni yóò tilẹ̀kùn, kòkòrò á dúró sójú kan, kò ní lè bí. Inú gbogbo yàrá dùn. Mọ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kiri pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa gún èèyàn lábẹ́rẹ́ Akígbe lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí èèyàn sì sinmi oògùn ojoojúmọ́. Ilé ìwòsàn kan gbà láti dán an wò lára ogún èèyàn. Àwọn èèyàn yìí á dá oògùn wọn dúró, wọ́n á gba abẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lóṣooṣù.

Oríṣi kejì ni sójà ara, àwọn gan-an tí kòkòrò yìí ń pa. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti di wàhálà. HIV máa ń sùn sínú àwọn kan nínú àwọn sójà yìí, á ká gúlútú síbẹ̀, oògùn ò ní rí i, ẹ̀rọ ò ní rí i. Bí Akígbe bá wá ké, sójà á ta gìrì dìde láti jà, kòkòrò inú rẹ̀ náà á sì bá a jí, á bẹ̀rẹ̀ sí í bí. Igbe tó ń tilẹ̀kùn níbì kan ló tún ń ṣílẹ̀kùn níbòmíràn. Àwo méjìlá ni Ìyá Aláwo fi sójà ṣe. Nínú mẹ́jọ, kòkòrò pọ̀ sí i, ìlọ́po mẹ́ta nínú àwọn kan, ìlọ́po mẹ́rin nínú àwọn mìíràn.

Ó gbé e lọ bá Mọ̀mí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni pańpẹ́ wà. Bí wọ́n bá ti gbé àwo sínú ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ sì kà á, wọn á kọ "a kà á" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ńlá. Bí iná bá lọ, tàbí tí omi inú àwo bá dà nù, wọn á kọ "a ò kà á". Àmọ́ ẹ̀yin náà kúkú mọ èdè wa. À ń ka ìwé, à ń ka àga inú yàrá, a sì lè rí èèyàn tó dúró gangan lójú wa ká má kà á sí. Ẹnu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde.

Mọ̀mí wo iye tó wà nínú ìwé náà títí. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ èèyàn mẹ́ta péré nìyí, ọmọ mi. Ó kéré. Kọ 'a ò kà á' sí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. A máa tún un ṣe, ká tó wá kà á."

Ohun tí Ìyá Aláwo gbọ́ ni pé a ò tíì fi wọ́n kún ìṣirò. Ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá wá ṣí ìwé náà máa gbọ́ ni pé ẹ̀rọ ò rí wọn kà. Ó mú bírò, ó kọ "a ò kà á" lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó fọwọ́ sí i. Kò fi "tíì" sí i. Ọ̀rọ̀ tín-ń-tín, kò tiẹ̀ gba àyè lórí ìlà, kò sì fi sí i.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà náà, ó béèrè, "Mọ̀mí, àwọn àwo sójà yẹn ńkọ́?" Mọ̀mí ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní yàrá kejì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ ti tún un ṣe, kòkòrò ò jí, ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́ta yẹn ló ṣe ségesège. Ọkàn Ìyá Aláwo balẹ̀. Ó balẹ̀ débi pé nígbà tí Mọ̀mí ní, "Àbúrò ẹ ńkọ́? Ṣé kò ní fẹ́ wà lára àwọn ogún èèyàn yìí?", òun fúnra rẹ̀ ló gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà, tó ń ròyìn Akígbe fún un bí ẹni ń ròyìn ọkọ ìyàwó. Káfíńtà ní, "Ṣé Àǹtí mi ti fọwọ́ sí i?" Ó ní òun ti fọwọ́ sí i. Káfíńtà ní ó parí.

Ọjọ́ Tọ́sìdé kan, láàárọ̀, wọ́n ní kó bá wọn ṣe fótókọ́pì ìwé àlàyé tí wọ́n fẹ́ fún àwọn olùyọ̀ǹda tó kù. Ohun tó gbọ́ ni pé Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Ó dúró ti ẹ̀rọ, ó ń kó bébà bó ti ń jáde, ojú rẹ̀ kàn ṣèèṣì bọ́ sójú ìwé kẹrin ni. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ rèé: "A lo àwo méjìlá tó ní sójà ara nínú. Mẹ́jọ bàjẹ́, ẹ̀rọ kò rí wọn kà. Nínú mẹ́rin tó kù, kòkòrò kò pọ̀ sí i." Kò sí yàrá kejì níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún nǹkan kan ṣe. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó ka àwo rèé, orúkọ rẹ̀ ló sì tẹ̀ lé e, tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ̀rọ ń da bébà sílẹ̀, kò rántí pa á.

Ó bá Mọ̀mí ní ọ́fíìsì. "Mọ̀mí, ẹ dákun, ojú ìwé kẹrin yìí."

Mọ̀mí fi awò sójú, ó kà á, ó gbé e lé tábìlì. "Kí ló ṣe é?"

"Ẹ̀rọ ka àwo mẹ́jọ yẹn. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Iye rẹ̀ wà nínú ìwé."

"Kí lo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye yẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́."

"Ìwé ò mọ ẹni tó ní kó o kọ ọ́," ni Mọ̀mí wí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń béèrè ṣé o fẹ́ ṣúgà sí tíì. "Ọwọ́ ta ló wà níbẹ̀?"

"Yàrá kejì tẹ́ ẹ ní ó tún un ṣe ńkọ́?"

"Wọ́n máa ṣe é. Wọ́n ti gbà."

"Ẹ sọ fún mi pé wọ́n ti ṣe é."

"Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi lé Akígbe kiri," Mọ̀mí ní. "O gbọ́ mi? Àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, àwọn mìíràn ti kú. Ṣé nítorí ẹ̀jẹ̀ èèyàn mẹ́ta ni kí n wá da gbogbo ẹ̀ nù? Tí kòkòrò bá jí lára ẹnikẹ́ni, a máa rí i, wọ́n á padà sórí oògùn wọn. Kò ní pa ẹnikẹ́ni."

Ìyá Aláwo ní, "Ó dáa. Màá sọ fún àbúrò mi kó má dá oògùn ẹ̀ dúró ní Mọ́ńdè."

Mọ̀mí bọ́ awò rẹ̀. Ó fa aṣọ kékeré yọ, ó ń nù ún, ó nù ún títí. "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èèyàn márùn-ún," ló wí. "Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí. Àbúrò ẹ wà nínú wọn. Òun ló ní ká má tíì sọ fún ẹ, pé tó o bá mọ̀, o ò ní jẹ́ kóun gbádùn lórí fóònù."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, Mọ̀mí ti bi í lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé dáadáa làbúrò rẹ̀ wà, òun náà sì dúpẹ́, ó ní dáadáa ni. Bí wọ́n bá gún Ìyá Aláwo lọ́bẹ nígbà yẹn, kò ní ṣẹ̀jẹ̀. Ohun tó dùn ún jù kì í ṣe irọ́ yẹn. Ohun tó dùn ún ni pé obìnrin yìí mọ bí òun ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, ó wọn ìfẹ́ yẹn, ó rí i pé ó tó láti fi bo àwo mẹ́jọ mọ́lẹ̀, ó sì lò ó. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ìyá Aláwo yíjú padà, ó wọ yàrá ìwádìí, ó gbé ìwé ńlá náà há abíyá.

"Ìwé yàrá kì í jáde o," Mọ̀mí ní láti ẹnu ọ̀nà.

"Mo mọ̀, mà," ló wí, ó sì jáde.

Káfíńtà ń họ ẹsẹ̀ tábìlì kan pẹ̀lú bébà ìhọgi nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ ń dán, eruku igi bo irun rẹ̀. "Àǹtí mi, lọ́sàn-án gangan? Ṣé wọ́n lé yín níṣẹ́ ni?"

"Ó kù díẹ̀," ló wí. Ó jókòó lórí àga tí kò tíì ní ẹ̀yìn, ó sì rò ó fún un látòkè délẹ̀: sójà tó jí, kòkòrò tó bá a jí, àwo mẹ́jọ, yàrá kejì tí kò sí. Nígbà tó parí, Káfíńtà gbé bébà ìhọgi lélẹ̀.

"Ẹ mọ̀ nípa àwo mẹ́jọ yẹn kẹ́ ẹ tó wá bá mi?"

"Wọ́n sọ fún mi pé wọ́n ti tún un ṣe."

"Ẹ rí èsì àtúnṣe yẹn?"

"Rárá."

"Ta ló kọ ọ́ síwèé pé a ò kà á?"

Ó wù ú kó sọ pé Mọ̀mí ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. "Èmi ni," ló wí.

Káfíńtà mi orí. "Mo ka ìwé yẹn kí n tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀ ń sọ pé èmi kì í ka nǹkan, mo kà á. Nígbà tí mo dé ojú ìwé kẹrin, ó fẹ́ kọ mí lóminú, pé kí ló dé tí mẹ́jọ fi bàjẹ́ nínú méjìlá? Tí kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́jọ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ mi nínú méjìlá, wọ́n á lù mí. Àmọ́ mo rí orúkọ yín. Mo ní kí lèmi ń da ara mi láàmú fún, Àǹtí mi ló kà á." Ó wá bi í, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "Ìyàwó mi ńkọ́?"

Ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n, ilé kan ni wọ́n ń gbé, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Káfíńtà ti ń sùn ti aya rẹ̀ láìlo oògùn kankan, nítorí ojú ìwé kẹrin sọ fún un pé kòkòrò kò pọ̀ sí i.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Káfíńtà, ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nílé ìwòsàn. Ìyá Aláwo kò dúró kí wọ́n pè é. Ó wọlé tọ dókítà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ó ṣí ìwé ńlá sórí tábìlì, ó fi ìka tọ́ka sí iye, ó fi ìka tọ́ka sí ohun tí ó kọ. "Ẹ̀rọ kà wọ́n, sà. Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni." Dókítà ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé fóònù, ó ní kí wọ́n pe àwọn mẹ́rin tó kù wá sílé ìwòsàn kíákíá, kí wọ́n sì sọ fún àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n má dá oògùn wọn dúró. Ó wá sọ fún Ìyá Aláwo pé òun ò mọ̀ bóyá yóò tún ríṣẹ́ ṣe ní yàrá ìwádìí kankan mọ́. Obìnrin náà ní òun mọ̀.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Káfíńtà, wọ́n gba ti ìyàwó. Èsì ti ọkọ jáde kó tó di ọ̀sán: ara tí ẹ̀rọ ò rí kòkòrò kan ṣoṣo níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò kún ṣíbí báyìí. Wọ́n dá a padà sórí oògùn lójú ẹsẹ̀. Ti ìyàwó, wọn ò rí nǹkan kan, àmọ́ nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un pé ó lè má tíì fojú hàn, pé wọ́n á fún un ní oògùn ìdáàbòbò fún ohun tó bá ṣì ṣeé dá dúró, wọ́n á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò títí tó fi máa bímọ. Ìyàwó ò sunkún. Ó kàn gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá Aláwo fẹ́ lọ bá a, ó wá fara ti ògiri.

Nọ́ọ̀sì mú fọ́ọ̀mù jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi Káfíńtà ní ìbéèrè. Ọjọ́ orí. Iṣẹ́. Oògùn wo ló ń lò tẹ́lẹ̀. "Ta la máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?"

"Ìyàwó mi."

"Ìyàwó yín náà ti di aláìsàn wa báyìí, ẹ fún wa ní ẹlòmíràn kún un."

Káfíńtà rò ó díẹ̀. Ó dárúkọ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ igi, ó ka nọ́ńbà fóònù rẹ̀ jáde látorí. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí Ìyá Aláwo tó fara ti ògiri.

"Màdáàmù yìí ńkọ́? Mo rò pé ẹ jọ wá ni. Ẹ tiẹ̀ jọra."

Káfíńtà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ì bá sàn ká ní ó wà níbẹ̀. "Rárá," ló wí. "Òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí wọn ni."

"Ẹ má bínú, mà," ni nọ́ọ̀sì sọ fún un, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹbí nìkan la máa ń gbà láyè níbí."

Ìyá Aláwo ní kò burú. Ó mú báàgì rẹ̀, ó rọra ṣílẹ̀kùn, ó sì bọ́ sí kọ́rídọ̀.